Ẹrù Tí Kò Sí Nínú Ìwé Alága

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rá ìdalẹ̀sí olówó pọ́ọ́kú ṣeé rà, èmi ni kó wá bi. Sátidé tó kọjá yìí ni ìdí ọ̀kan já mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú ọkọ ìyàwó tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ilé tí mò ń gbé gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì tíì ní ojú tí mo lè fi gba iwájú ilé jáde. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kàwéè, ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Kí n tètè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òjòta ni mo ti rà á. Ọmọkùnrin kan ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò wa, ó gbé ọ̀rá dúdú tí wọ́n ká róbótó sókè, ó ní ìdì kan ₦1,000, ìdì méjì ₦1,500, òun á sì fi ìbọ̀wọ́ ọ̀rá ṣe èènì. Wọ́n kọ “Heavy Duty” gàdàgbà sára rẹ̀, wọ́n wá ya erin sí i. Erin! Mo ní ẹni tó bá láyà láti ya erin sára ọjà rẹ̀, á jẹ́ pé ọjà ọ̀hún dá a lójú. Mo ra ìdì méjì. Mọ́tò gbéra, ọmọ náà ń sáré, ṣéńjì mi ò sì pé títí di òní.

Ìyàwó mi wo ìdì méjèèjì, ó wo ojú mi, ó ní, “Dádì, ẹ kú ọjà o.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó nílé mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìkíni.

Àpò ìrẹsì lòun ń da ilẹ̀ sí láti ọjọ́ tó ti wọlé mi. Tó bá kún, á fi okùn so ó lẹ́nu, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Èmi ni mo dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Mo ní àpò ìrẹsì ń jo omi, eṣinṣin ń gba ojú ihò ara rẹ̀ wọlé, àwọn PSP tó ń kó ilẹ̀ kì í sì í dá a padà tí wọ́n bá ti da inú rẹ̀ sínú ọkọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò fi kún un ni pé ìdí àpò ìrẹsì kò já rí nínú ilé wa.

Wàhálà tó kọ́kọ́ bá wa ni pé a ò mọ ibi tí ẹnu ọ̀rá náà wà. Mo fi àtàǹpàkò ra á, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tọ́ ìka lá, mo tún ra á. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní kíláàsì kẹta ló bá wa ṣí i. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a da èèpo ẹ̀gúsí sí i, orí ilẹ̀ ilé ìdáná la sì ti rí gbogbo rẹ̀ padà. Ìdí ló ṣí. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń kọ orin ẹ̀mí lábẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ti àwọn PSP. Ọjọ́rú ni ọjọ́ wọn ládùúgbò wa ní Ṣómólú níbí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú bíìlì. Bíìlì yẹn ò pẹ́ dé rí. Òjò ìbáà rọ̀, bẹntiróòlù ìbáà wọ́n, bíìlì á wọlé. Ọkọ̀ ni kì í mọ̀nà. Tó bá sì wá, ọjọ́ tẹ́nikẹ́ni ò retí ni, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á dúró ìwọ̀nba ìgbà tèèyàn lè fi wá ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n á tún lọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Owó wa ni wọ́n ń gbà! Bí ilẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn àti ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ṣe bá ara wọn nínú ọ̀rá erin kan ṣoṣo nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà wa, nínú ooru.

Sátidé yìí kan náà ni Alhaja onílé wa ń fa ọmọ ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Ìsàlẹ̀ ni Alhaja ń gbé, àwa wà lókè pátápátá. Torí pé èmi ni mo pẹ́ jù nínú àwọn ayálégbé, ó ní kí n wá jókòó sáàárín ìdílé ìyàwó, ó sì já aṣọ ẹbí fún mi láìgba kọ́bọ̀: léèsì aláwọ̀ wàrà, àgbádá onílẹ̀ẹ̀lẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ tán, mo dé fìlà, mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, ni fèrè dún ní títì.

“Dádì, PSP!”

Ìyàwó mi ṣì wà nínú búbà, kò tíì wé gèlè. Ó ní kí n dúró kóun kó o sínú àpò ìrẹsì, kóun sáré gbé e lọ. Mo ní rárá o, ṣebí ọ̀nà mi náà ni. Mo ti ọ̀rá náà bọ inú òmíràn, mo ní ìdí méjì kì í já lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ká àgbádá lé èjìká, mo gbé e. Kò ní dín ní kílò 15. Èèpo iṣu wà nínú rẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, pòpórò àgbàdo, orí ẹja, eegun, kóró máńgòrò, ẹ̀wà ìkòkò kan tó bà nígbà tí iná ò dé, pẹ̀lú nǹkan méjì kan tí màá fi sílẹ̀ ná.

Mo dé ìpele kejì lórí àtẹ̀gùn ni mo gbọ́ tó, tó, tó lórí bàtà mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí àtẹ̀gùn yìí díẹ̀, torí láti Sátidé ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè nínú ìmọ̀ ọ̀rá, mi ò sì lè dá a gbé mì. Ọdún 1933 ni Gibson àti Fawcett, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ICI ní Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèèṣì rí ohun funfun kan tó ń yọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá. Ohun funfun yẹn ni gbogbo ọ̀rá tó di kòtò wa pa lónìí. Ọ̀rá ìdalẹ̀sí fúnra rẹ̀ dé lọ́dún 1950: Harry Wasylyk, ará Winnipeg ní Kánádà, ló ṣe é, iléewòsàn ló sì kọ́kọ́ ń tà á fún. Kánádà, níbi òtútù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tó bà fún Wasylyk.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n á yọ́ hóró ike wẹ́wẹ́ nínú iná, wọ́n á tì í gba ojú irin róbótó jáde, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kó lè wú, kó sì ga sókè gogoro bó ṣe ń tutù. Irin yíyí méjì á wá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyẹn ni pé ọ̀rá ò ní ìdí láti ilé rẹ̀ wá. Ó ṣí lókè, ó ṣí nísàlẹ̀. Irin gbígbóná kan ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ìbú, ojú ibi tó tẹ̀ yẹn la ń pè ní ìdí. Bí irin náà ò bá gbóná tó, ojú méjèèjì kàn fara kan ara wọn ni, wọn ò lẹ̀. Bó bá gbóná jù, ẹ̀gbẹ́ ojú ibẹ̀ á fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá sì ń kánjú ṣe ọjà fún orí títì, ó lè má bìkítà èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á lu ihò tóótòòtó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ káwa lè rí ibi já a. Tí ihò yìí bá súnmọ́ ojú ìdí jù, bẹ́ ẹ ṣe ń já ọ̀rá lẹ̀ ń já ìdí rẹ̀ lọ.

Oríṣi méjì ló wà, etí lẹ lè fi dá wọn mọ̀. Èyí tó le máa ń dún ṣàràṣàrà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bó ṣe fẹ́lẹ́ tó yẹn, ó lè gbé ẹrù, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí eegun ẹyọ kan gún un, á ya fàà láti ibẹ̀ dé ìpẹ̀kun. Èyí tó rọ̀ kì í pariwo. Á kọ́kọ́ fà gùn kó tó já, ẹ ó sì ti rí i kẹ́ ẹ tó kó sí wàhálà. Èyí tó ń dún ni wọ́n ń tà lórí títì, tàbí àdàlù ike tí wọ́n tún yọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa á láró dúdú, kójú má rí ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ní ti bó ṣe nípọn tó, máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Irun orí wa ń lọ sí bíi 70. Ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú kì í ju 10 sí 15 lọ. Ọ̀dà tí wọ́n fi ya erin yẹn lè nípọn ju ọ̀rá náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdí tún kù. Ìdí pẹrẹsẹ ni tiwa, igun rẹ̀ méjèèjì sì ni omi ń gbà sá. Èyí tó dáa, wọ́n á ti kọ́kọ́ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ po lọ́nà púpọ̀ kí irin tó tẹ̀ ẹ́, kò ní sí igun tí omi máa rí gbà. Ìkẹyìn, ìdí méjì tí mò ń fi yangàn: bí omi bá ti jo kúrò nínú ọ̀rá inú, inú ọ̀rá ìta ló ń kóra jọ sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí tí á fi rí igun tirẹ̀.

Tó, tó, tó.

Mo lè padà sókè. Ìyàwó mi ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ ọ́n láìbojú wẹ̀yìn. Ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe lè padà. Fèrè tún dún. Mo fọwọ́ kan ti ìdí ọ̀rá lábẹ́, mo gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ọ̀nà iwájú ilé nìkan ló ti inú ọgbà wa jáde tààrà sí títì, wọ́n sì ti ta kánópì lé e. Ìdílé ìyàwó wà lápá ọ̀tún, ìdílé ọkọ wà lápá òsì, ẹní wà láàárín. Lórí ẹní yìí ni ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ na ara wọn sí gbọọrọ, gbogbo wọn nínú aṣọ òfì kan náà, àyà kan ilẹ̀. Alága ìjókòó dúró lé wọn lórí tòun ti maikirofóònù. Obìnrin yìí ò ṣeé bá ṣeré rárá. Ó ti ní wọn ò dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí wọ́n dìde tún un ṣe, wọ́n sì ti tún un ṣe. Mo wò ó, mo ní ó dáa náà: gbogbo ojú wà lára àwọn tó wà nílẹ̀, ojú àwọn tó wà nílẹ̀ sì wà nínú ẹní. Bí mo bá rọra gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá, kò sẹ́ni tó máa rí mi.

Alága rí àgbádá mi.

“Ẹ dúró! Ẹ dúró! Bàbá wa kan ló ń bọ̀ yìí o!” Onígángan gbé e. “Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ò gbọdọ̀ dìde. Bàbá ìyàwó nìyí, ẹ yí ojú sí wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn!”

Àwọn ọmọ náà yí ara wọn padà lórí ẹní, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n nà gbọọrọ. “Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà!” Gbogbo èèyàn dákẹ́, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí.

Kí ni Yorùbá máa ń ṣe tí ọmọ ọlọ́mọ bá dọ̀bálẹ̀ fún un? Á gbọ́wọ́ sókè, á súre. Mi ò rò ó rárá. Ọwọ́ ọ̀tún mi gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ sókè, mo ti la ẹnu, mo ti ní “Ẹ̀yin náà á—”, ni gbogbo ẹrù wálẹ̀ sórí igun kan.

Kò bú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rá máa ń bú ni. Ó kọ́kọ́ mí sóde díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdí inú àti ìdí ìta jọ là fàà, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ọ̀kan dúró de èkejì. Omi ẹ̀wà ló ṣáájú. Ó gba iwájú léèsì mi, ó gba ṣòkòtò, ó wọnú bàtà. Èèpo iṣu tẹ̀ lé e, ó wó lulẹ̀ wùrù. Orí ẹja bọ́ sórí ẹní. Pòpórò àgbàdo kan yí gbirigbiri, kò yà síbì kan, ó lọ kan fìlà ọkọ ìyàwó, ó dúró. Ọ̀rá méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi, ẹnu wọn ṣì wà ní síso dáadáa, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú wọn kọjá.

Mo ní láti yin ọmọ yẹn. Kò gbé orí sókè. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó kàn sọ̀rọ̀ láti inú ẹní pé, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.”

Òórùn ò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ sápá òsì, nítorí náà ìdílé ọkọ ló kọ́kọ́ gbà á. Mo rí i tí gèlè ń yí padà láti ìlà iwájú lọ sẹ́yìn. Onígángan lu nǹkan kan. Mo gbọ́ gángan dáadáa, mi ò sì ní sọ ohun tó wí.

Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n wá kó o kíá, kí ètò máa lọ. Alága wa kọ́. Ó yọ ìwé tí wọ́n kọ ẹrù ìyàwó sí, ó wo ìwé, ó wo ilẹ̀, ó gbé maikirofóònù sẹ́nu.

“Ìdílé ọkọ, a kí i yín. Ẹrù ti dé. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣu: mo rí èèpo. Ẹja: orí nìkan ni mo rí, ta ló jẹ ìyókù? Oyin ò sí. Iyọ̀ ò sí. Obì ò sí. Orógbó ńkọ́?” Ó fi bàtà ti kóró máńgòrò. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orógbó nìyí?”

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tó wà lórí ẹní ń gbọ̀n látẹ̀yìn, wọn ò sì lè dìde torí pé wọn ò tíì ní kí wọ́n dìde. Èmi dúró láàárín, mi ò mọ bóyá kí n fi ọwọ́ ìsúre sílẹ̀ tàbí kí n gbé e dání bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí nǹkan méjì tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ síbi ìdána rí mọ̀ pé wọ́n máa ń ka lẹ́tà ìtọrọ tí ìdílé ọkọ kọ. Alága rí ìwé pélébé pélébé tó tàn ká inú ẹ̀wà. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka méjì mú ọ̀kan, ó ní, “Lẹ́tà náà nìyí!” Ó sì kà á fún gbogbo ayé. “Arsenal á borí. Barcelona á borí. Man United á borí.” Ó sọ ìwé kalẹ̀, ó wò mí tàánútàánú. “Bàbá, Man United wo?”

Ìwé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Láti oṣù Kínní ni mo ti búra fún ìyàwó mi pé mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Mo gbójú sókè. Ó wà lójú fèrèsé wa, gèlè rẹ̀ ti dúró dáadáa, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò pariwo. Ó rọra ti fèrèsé.

Èkejì, ike ni. Ní ọdún Iléyá, Alhaja fi ike kan gbé ẹran wá fún wa, ike tí wọ́n pín níbi ìrántí ọkọ rẹ̀, tí àwòrán Alhaji olóògbé sì wà lórí ìdérí rẹ̀ tòun ti fìlà àti irùngbọ̀n. Ọmọ mi gbé ìdérí náà lé orí sítóòfù. Nígbàkígbà tí Alhaja bá bèèrè rẹ̀, mo máa ń ní ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkòròdú, pé n óò gbà á wá tí mo bá kọjá níbẹ̀. Báyìí ni ìdérí yìí ṣe yọ láti abẹ́ háhá àgbàdo, ó ń dà bọ̀ lórí omi ẹ̀wà, ó rọra ń yọ̀ lọ sí ìlà iwájú, ó sì dúró síbi ẹsẹ̀ Alhaja. Ìdajì irùngbọ̀n Alhaji ti yọ́.

Alhaja wò ó títí. Gbogbo ilé dákẹ́, alága pàápàá sọ maikirofóònù kalẹ̀.

“Bàbá Ṣómólú,” ni Alhaja pè mí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. “Ṣé wọ́n ti gbé Ìkòròdú wá síbí ni?”

Kí ni kí n sọ? Mo dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, tòun ti àgbádá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ìyàwó, sínú ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ náà fi ojú kan wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ó sì sún fún mi díẹ̀ lórí ẹní.

Lásìkò yìí ni ọ̀kan nínú àwọn PSP wọlé láti ẹnu géètì tòun ti bàtà òjò. Ó wo èèpo, ó wo orí ẹja, ó wo àwa tá a wà nílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò dì í dáadáa. Àwa kì í kó èyí tó bá wà nílẹ̀ o.” Ó yí padà, ó fo mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fun fèrè, wọ́n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò wá ní Ọjọ́rú! Ẹ̀yin tí ẹ ò wá ní Ọjọ́rú tó ṣáájú! Mo ṣì ní láti bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ wá. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaja, ó kí ìdílé méjèèjì, ó wá na ohun tó mú dání sí mi. Àpò ìrẹsì ni. Èmi ni mo fi ṣọ́bìrì kó o, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ sì bá mi da omi sí i, wọ́n da Izal lé e. Alága ní ẹni tó bá gbé ẹrù tí kò sí nínú ìwé òun wọlé gbọ́dọ̀ sanwó kí ètò tó tẹ̀ síwájú. Mo san án. Ó kà á níṣojú mi, ó ní kò pé, mo fi kún un.

Ó dáa, ṣé ká ra ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú àbí ká má rà á? Fún ìwé, fún irun tẹ́ ẹ gbọ̀n lára kóòmù, fún agolo kékeré tó wà nínú yàrá, ẹ rà á, kò burú. Òun ni mo fi wé bàtà òjò mi báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ìwé, èèpo àti oúnjẹ ni, ó tutù, ó wúwo, eegun sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìdáná kọ́ ni wọ́n ṣe ọ̀rá yẹn fún, erin tí wọ́n yà sí i kò sì lè yí ìyẹn padà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú kí nǹkan jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Kí wọ́n kọ “Heavy Duty” sára ohun tí kò lè gbé orí ẹja ló burú. Wọ́n ní 30 ló wà nínú ìdì kan, kò pé 30. Tẹ́ ẹ bá tún ń lò ó ní méjì méjì nítorí ìbẹ̀rù, iye tẹ́ ẹ ń ná ti ń súnmọ́ ti gidi, ìlọ́po méjì ike lẹ sì ń rán lọ sí ààtàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ti ka ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù mọ́ àwọn ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fòfin dè láti oṣù Keje ọdún 2025. Ọmọ tó ń sáré ní Òjòta ò dúró gbọ́ ìkéde yẹn.

Láti wá èyí tó dáa, ọjà Múṣin ni mo lọ, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ọ̀rá níwọ̀n kílò. Kò jẹ́ kí n sanwó kó tó dán an wò. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò ti àárín rẹ̀. Ó fà gùn, ó funfun díẹ̀, kò lu. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀, torí èyí tí wọ́n tún yọ́ máa ń rùn. Ó ṣí ìdí rẹ̀ hàn mí, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Ó bu omi sí i, ó gbé e kọ́ ìṣó, a jókòó tì í, a sì ń wò ó. Kò jo. Mo ń gbádùn ara mi gan-an ni, mò ń bi í ní ìbéèrè ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí mo rí i pé ó ti ń wo fóònù rẹ̀, ó ń wò mí, ó tún ń wo fóònù.

“Ẹ má bínú o, sà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìyí?”

Ẹnì kan ti ya gbogbo rẹ̀, láti ìsúre títí dé Ìkòròdú, ó sì ti gba orí WhatsApp dé Múṣin ṣáájú mi. Ìyá yìí pe àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì àti ìkẹta. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí wọ́n dá a padà síbi orógbó. Nígbà tí ẹ̀rín wọn rọlẹ̀, mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti dá wọn lára yá tó báyìí, ṣé kò ní bu nǹkan kúrò nínú owó fún mi.

Ó ní rárá, sà. Ó ní fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ gba àárín ìdána kọjá, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yẹn ò tíì nípọn tó, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn lọ mú èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Mo rà á.